Oúnjẹ Tí Ó Yẹ Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí A Ń Sìn Nínú Ilé

Nígbà tí ìjì bá wó igi, tàbí nígbà tí ọdẹ bá ti oko dé, ni ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Inú ọmọ á dùn. A ó wá àgò fún ẹranko náà, a ó sì da ẹ̀pà sílẹ̀ fún un. Yóò jókòó lórí ìdí rẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì mú ẹ̀pà, yóò máa jẹ ẹ́ wàràwàrà, gbogbo ilé á sì máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹranko tí ó ń fò kiri tẹ́lẹ̀ kò ní lè gun ẹ̀gbẹ́ àgò mọ́. Yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀. Àwọn ará ilé á ní ọmọdé ni ó jù ú mọ́lẹ̀, tàbí pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án. Ẹ̀pà ni.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ó kan ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì kan ọmọ tí ń bọ́ ọ pẹ̀lú.

Ohun tí ó ń mú egungun le ni àwọn oníṣègùn ń pè ní kálísíọ̀mù. Òun ni ó wà nínú karawun ìgbín, òun náà ni ó wà nínú èèpo ẹyin. Èkejì rẹ̀ ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ara ń fẹ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni wọ́n ń tẹ̀ lé: nínú oúnjẹ ọ̀kẹ́rẹ́, ó dára kí kálísíọ̀mù tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹ wá wo ẹ̀pà. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, kálísíọ̀mù kò ju bíi mílígíráàmù 90 lọ, nígbà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó bíi 370. Àgbàdo gbígbẹ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 7 péré sí 210. Ìwọ̀n náà ti dojú délẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe aláìní kálísíọ̀mù, nítorí òun ni iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, inú egungun ni yóò ti lọ bù ú, bí ẹni tí ń yọ bíríkì ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tà kí ó lè rí owó oúnjẹ. Egungun á rọ̀, á tẹ̀, á sì kán láìṣe pé nǹkan kọlù ú. Ẹ máa ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí: ọ̀kẹ́rẹ́ kò fẹ́ fò mọ́, ó ń sùn jù, kò lè fọ́ ohun líle jẹ mọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó kígbe nígbà tí a fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bí gìrì bá ti mú un, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀; kí ẹ gbé e tọ dókítà ẹranko lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Bí a bá tètè rí i, oúnjẹ àti kálísíọ̀mù tí dókítà bá fún un máa ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde.

Àwọn baba wa sọ pé ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rẹ́dìí, ikún ò mọ̀ pé ohun tí ó dùn ní ń pani. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí ẹ̀pà nínú ọ̀rọ̀ yìí: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin kálísíọ̀mù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹranko nìkan ni èyí. Ní ìlú Jos, àwọn oníṣègùn tọ́jú àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ nítorí egungun rírọ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Àwọn ọmọ tí a fún ní kálísíọ̀mù sàn ju àwọn tí a fún ní fítámì D nìkan lọ. Oúnjẹ oníhóró láìsí wàrà, láìsí ẹja tí a jẹ teegunteegun, ni ó sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìyá tí ó bá mọ ohun tí ń ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ inú àgò ti mọ ohun kan nípa ọmọ tirẹ̀.

Kí ni kí a fún un nígbà náà? Ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, ní òwúrọ̀ nígbà tí ebi ń pa á. Ewédú dára púpọ̀. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ. Ẹ lè fi ewúro díẹ̀ sí i bí ó bá gbà á. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre náà ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, nítorí ohun kan wà nínú wọn tí ń di kálísíọ̀mù lọ́wọ́ kí ara má lè lò ó. Ẹ máa pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn ewé ni ilá tútù, kárọ́ọ̀tì àti kùkúńbà.

Nínú èso ìgbẹ́, ọ̀pọ̀tọ́ ni mo fẹ́ràn jù fún un. Èso tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń bá lórí igi nínú igbó ni, irú ìdílé igi náà sì ní kálísíọ̀mù dáadáa. Ìyeyè tí ó pọ́n, ẹran ara àgbálùmọ̀ láìsí hóró, ìbẹ́pẹ díẹ̀, gbogbo wọn ni ó lè jẹ ní àsìkò wọn. Ẹ má gbàgbé kòkòrò, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́fọ̀ọ́ pátápátá: ẹ̀súnsún, tata tàbí ìrẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò fún un ní agbára, bí kò bá ṣe ibi tí wọ́n fín oògùn sí ni ẹ ti mú un. Àtòrì gbogbo rẹ̀ ni èkùrọ́ àti ẹ̀pà ń bọ̀: ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ó bá ti jẹ ewé rẹ̀ tán. Bí ẹ bá ti kó o síwájú rẹ̀ láàárọ̀, kò ní wo ewé lójú. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kò ní fẹ́ràn òfin yìí, torí ẹ̀pà ni ó ń mú kí ọ̀kẹ́rẹ́ wá sí ọwọ́ wọn. Kí wọ́n fi ẹyọ méjèèjì yẹn pè é.

Ẹ se èèpo ẹyin, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹlùbọ́, kí ẹ sì wọ́n ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú lé ewé rẹ̀ lórí. Ẹ fún un ní egungun màlúù tí a sè láìsí iyọ̀ àti ata, pẹ̀lú ẹ̀ka igi mángòrò tàbí gúáfà. Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í dẹ́kun híhù títí ó fi kú. Bí kò bá rí ohun líle họ, yóò gùn débi pé kò ní lè pa ẹnu dé. Oòrùn òwúrọ̀ tún ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ó ń jẹ́ kí ara gba kálísíọ̀mù. Oòrùn tí ó gba ojú fèrèsé onígíláàsì kọjá kò ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé àgò síta, kí apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ òjìji, kí omi mímọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe já ewé lẹ́bàá títì tàbí níbi tí wọ́n ti da oògùn apakòríko, ẹ sì fọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dé inú àgò rárá. Hóró lárà, hóró làpálàpá àti ojú ológbò, hóró pupa olójú dúdú tí ó wu ọmọdé yẹn, májèlé ni wọ́n. Kí ọmọ pàápàá má fi wọ́n ṣeré. Iṣin tí kò tíì là fúnra rẹ̀ lórí igi lè pa ènìyàn, hóró dúdú rẹ̀ sì léwu nígbà gbogbo. Gbágùúdá tútù ní májèlé tirẹ̀. Olú inú ìgbẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Obì àti ṣokoléètì a máa lé ọkàn kékeré bẹ́ẹ̀ jù. Búrẹ́dì àti bisikíìtì kò pa á lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ipò ewé.

Ẹ̀pà tí ó ti bu ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil ni a sì rí pé ó pa wọ́n. Ohun bí òwú tí ń hù lára ẹ̀pà ni ó ń tú májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́; yíyan kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo ti gbọ́ kí ìyá kan sọ pé, “Kò dára fún wa mọ́, ẹ kó o fún ọ̀kẹ́rẹ́.” Ẹ kó o dànù.

Nípa ti ọmọ tí ń bọ́ ọ: kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ó má fi ẹnu ko ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́nu, kí ó má sì jẹ èyí tí ó ṣẹ́kù sí i lẹ́nu. Ní ọdún 1985, a rí kòkòrò àrùn mpox lára ọ̀kẹ́rẹ́ kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Zaire nígbà náà. Ní ọdún 2003, ọ̀kẹ́rẹ́ àti òkété tí wọ́n kó láti Ghana lọ tà ní Amẹ́ríkà gbé àrùn yìí dé ọ̀hún, ènìyàn 47 ni a kà pé ó mú, kò sì sí ẹni tí ó kú nínú wọn. Nítorí náà, ẹ má ra ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó ti ń ṣàìsàn, tàbí tí egbò wà lára rẹ̀, bí ó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe yín tó. Kí ẹ sì kó oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù kúrò ní alẹ́, nítorí òun ni yóò pe eku wọlé, eku ni ó sì ń gbé ibà Lassa kiri.

Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá gé ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ mú ọmọ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà irú ẹranko tí ó gé e jẹ, ibi tí ẹ ti rí i, àti bóyá ara rẹ̀ ń yá tàbí kò yá.