Ṣé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù?

ÌBÉÈRÈ: Fifth Avenue ní Festac ni mò ń gbé. Ilé ọkọ ni mo ti bá ìjọ aláṣọ funfun. Ìyá ọkọ mi ló mú mi wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì, nǹkan oṣù mi dé láàárọ̀. Òfin wa sì ni pé mi ò gbọdọ̀ wọlé fún ọjọ́ méje. Ẹnu géètì ni mo dúró sí. Mò ń gbọ́ agogo, mò ń gbóòórùn tùràrí, mi ò rí ọmọ mi. Bírò méjì tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà sí, ó gbàgbé ẹ̀ sọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo délé, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Ṣé Ọlọ́run kì í gbọ́ tèmi lọ́jọ́ méje yẹn ni?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ó ń gbọ́, ìyàwó wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná.

Òfin tó dá yín dúró lẹ́nu géètì ti pẹ́. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Pọtọnóvò, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ní irú rẹ̀. Inú Léfítíkù orí 15 ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: ọjọ́ méje fún obìnrin, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án di aláìmọ́ títí di alẹ́. Orí kan náà ka ọjọ́ méje fún ọkùnrin tí nǹkan bá ń jáde lára rẹ̀. Mi ò tíì rí ìjọ tó fi bàbá kankan sẹ́nu géètì lórí ìyẹn o.

Ẹ wá ṣí Máàkù orí 5. Ọdún méjìlá lẹ̀jẹ̀ fi ń dà lára obìnrin yẹn. Lójú òfin, gbogbo ẹni tó fara kàn nínú èrò ọjọ́ náà ló sọ di aláìmọ́. Ó gba ẹ̀yìn yọ́ fọwọ́ kan aṣọ Jésù. Nígbà tí Jésù béèrè ẹni tó fọwọ́ kan òun, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, bí ẹ̀rù ṣe bà yín nílé. Jésù ò ní kó lọ wẹ̀, kò ka ọjọ́ fún un. Ọmọ ló pè é. Obìnrin náà ò sì dúró kí ẹ̀jẹ̀ dá kó tó wá. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà nígbà tó nawọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkọlà fa irú àríyànjiyàn yìí lórí òfin Mósè nínú ìjọ àkọ́kọ́. Ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 15, àwọn àgbà jókòó ní Jerúsálẹ́mù, wọn ò sì di ẹrù yẹn ru àwọn Kèfèrí.

Ẹ má tìtorí èyí kẹ́gàn ìyá ọkọ yín. Bíbọ́ bàtà pẹ̀lú sùtánà dùn mọ́ èmi gan-an. Mósè náà bọ́ tirẹ̀ nídìí igbó tó ń jó. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ rẹ̀. Àmọ́ èèwọ̀ ilé kì í ṣe owó tí a fi ń ra etí Ọlọ́run. Kì í sì í ṣe aláṣọ funfun nìkan: àwọn kan ń lé oníyẹtí àti oníṣòkòtò, àwọn mìíràn ò bìkítà nípa aṣọ, ṣùgbọ́n wọ́n á ní ẹni tí kò san ìdámẹ́wàá ti gbé.

Ẹ bá Ìyá Ìjọ sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́. Obìnrin ni wọ́n, ó máa yé wọn. Ẹ má purọ́ ọjọ́ fún wọn.

Bírò méjì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, àbí? Ẹ pe ọmọ náà lálẹ́ òní, ọjọ́ yòówù kó jẹ́ nínú méje, ẹ gbọ́wọ́ lé e lórí, kẹ́ ẹ gbàdúrà sí i.