Ṣásí, Egungun Mọ́tò

Bí wọ́n bá tú ara mọ́tò, tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì, ìjókòó àti táyà kúrò, ohun tó kù nílẹ̀ ni ṣásí. Òun ni egungun mọ́tò. Òun ló ru èèyàn, òun ló ru ẹrù, òun náà sì ni gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ń fìyà jẹ. Ẹni tó bá ti bá mọ́tò ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ti oko wọ Igbó-Ọrà nígbà òjò ti mọ ohun tí mò ń wí.

Irin ni wọ́n fi ń ṣe ṣásí ọ̀pọ̀ mọ́tò. Àwọn kan ń fi alumíníọ́mù ṣe é, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò ní Ṣakí.

Alumíníọ́mù fúyẹ́. Èyí tó tóbi tó lítà omi kan wúwo tó kílò 2.7, irin tó tóbi bẹ́ẹ̀ tó kílò 7.8. Mọ́tò tó fúyẹ́ a máa sáré, kì í sì í mu epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ẹrù kan náà lé ọ̀pá irin àti ọ̀pá alumíníọ́mù tó tóbi bákan náà, ti alumíníọ́mù yóò tẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti irin. Ẹni tó bá fi ṣe ṣásí gbọ́dọ̀ ṣe é nípọn tàbí kó mú un fẹ̀, ìwọ̀n tó rò pé òun dín kù a sì tún padà wọlé díẹ̀.

Àwọn mìíràn lo méjèèjì pọ̀. Ní 1962, Carroll Shelby, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ẹ́ńjìnnì Ford sínú mọ́tò kékeré kan tí ilé iṣẹ́ AC ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pè é ní Cobra. Páìpù irin ni ṣásí rẹ̀, alumíníọ́mù ni ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe nígbà náà kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ga, ni àwọn èèyàn fi ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ títí dòní.

Èyí tó sún mọ́ wa ni Land Rover, tí ilé iṣẹ́ Leyland tò nígbà kan ní Ìbàdàn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1948. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, irin ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alumíníọ́mù sì wà nílẹ̀. Wọ́n bá fi alumíníọ́mù ṣe ara, wọ́n fi irin ṣe ṣásí.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ló le jù. Bí ṣásí irin bá sán l'Éruwa, jórinjórin lè jó o pọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Alumíníọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ tín-ín-rín kan bò ó lára. Alumíníọ́mù fúnra rẹ̀ a máa yọ́ ní 660°C, ṣùgbọ́n awọ yẹn kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 2,000°C. Jíjó rẹ̀ pọ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn àti gáàsì argon, ibi tí iná sì ti kàn án lè má lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbígbọ̀n kékeré-kékeré lójoojúmọ́ náà lè mú un sán nígbẹ̀yìn. Ní tèmi, ọ̀nà Ìbàràpá, irin ni.

Irin a máa dípẹtà ní tirẹ̀. Níbi tó bá ti fara kan alumíníọ́mù, tí omi wọ àárín wọn, alumíníọ́mù ni ìpẹtà ń jẹ, á máa yọ lẹ́búlẹ́bú funfun. Nítorí náà, lẹ́yìn òjò, ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ mọ́tò, ẹ wo ojú oríkèé wọ̀nyẹn, kí ẹ sì ha ìpẹtà kúrò kí ẹ tó kun ọ̀dà.