Irun wo ló yẹ aláwò ojú?

ÌBÉÈRÈ

Ìyá Onídìrí, olùkọ́ ni mí n'Íbàdàn. Lóṣù tó kọjá ni dókítà ojú ní kí n máa lo awò, férémù dúdú tó nípọn ni mo sì rà. Láti ìgbà náà, irun tí mo bá dì kì í wù mí mọ́. Wíìgì tó dà bo iwájú orí ni mò ń dé báyìí, àmọ́ ọkọ mi ní òun ò rí ojú mi mọ́. Bí mo bá sì dirun, ẹ̀bátí a máa dùn mí. Ìgbéyàwó àbúrò mi ti súnmọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, mà, irun wo ni kí n ṣe?

Olùkọ́ aláwò

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ẹ kú oríire ìgbéyàwó tó ń bọ̀.

Òótọ́ lọkọ rẹ sọ. Férémù tó nípọn ti gba àárín ojú. Bí irun bá tún bo iwájú orí, imú àti ẹnu nìkan ló kù téèyàn máa rí. Ìpara irun iwájú yẹn á tún máa ra mọ́ awò, wàá sì máa nù ún láti àárọ̀ dalẹ́. Bọ́ wíìgì yẹn sílẹ̀. Irun tó ṣí iwájú orí sílẹ̀, tó sì fàyè gba ọwọ́ awò lẹ́bàá etí, ló yẹ ọ́.

Ṣùkú ni mo máa dì fún ọ bí o bá jókòó síwájú mi. Láti iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ìpàkọ́ ni gbogbo ìlà rẹ̀ ti ń gòkè lọ pàdé ní àtàrí, nítorí náà kò sí ohun tó ń já lé awò lórí. Ó dára gan-an fún ẹni tí ojú rẹ̀ rí róbótó. Bójú tìrẹ bá gùn, kòlẹ́sẹ̀ ni kí o dì, kó sùn lọ sẹ́yìn. Pàtẹ́wọ́ náà dáa. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni n ò ní yàn fún ọ: láti ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀ wá síwájú, ẹsẹ̀ irun á wá kó jọ sókè férémù.

Ẹ̀bátí tó ń dùn ọ́ yẹn ló ká mi lára jù. Irun ibẹ̀ kò lágbára bíi ti àárín orí. Bí onídìrí bá fà á le, tí àtáṣímẹ́ǹtì tó wúwo wà lára rẹ̀, tí ọwọ́ awò tún ń fi ara ra á lójoojúmọ́, irun á máa já, iwájú orí á sì máa sá sẹ́yìn. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má hù mọ́ láéláé. Nítorí náà, mú awò rẹ lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Kó tó ya ìlà àkọ́kọ́, fi awò sójú, kó rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbà kọjá. Kó dẹwọ́ níbẹ̀, kó má sì fi àtáṣímẹ́ǹtì sí i. Bó bá parí ẹ̀gbẹ́ kan, tún fi awò sójú wò, kó tó bọ́ sí èkejì. Bí irun rẹ kò bá sì lágbára mọ́, fi òwú kó o. Kò wúwo rárá.

Gèlè wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ aláwò ló ń wé e bo etí mọ́ awò, tí ọwọ́ awò á máa tẹ eegun ẹ̀yìn etí títí orí á fi máa fọ́ wọn lóde àríyá. Kọ́kọ́ wé gèlè, jẹ́ kí etí yọ síta díẹ̀, kó o tó wá ki awò bọ̀ ọ́. Kí wọ́n sì ká ẹsẹ̀ ṣùkú náà kó tẹ́, torí ṣùkú gogoro kì í jẹ́ kí gèlè jókòó.

Lálẹ́ ọjọ́ tí o bá dirun, bí ẹ̀bátí bá ṣì ń dùn ọ́, má kàn lo oògùn ẹ̀fọ́rí kó o sùn. Padà lọ láàárọ̀, kí wọ́n tú ti ẹ̀gbẹ́ etí, kí wọ́n tún un dì. Onídìrí tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i.