Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ẹ jẹ́ ká ka iná tó ń tàn níwájú awakọ̀

Ẹ ti mọ lẹ́tà, ẹ ti ń kọ orúkọ yín, ẹ ti ń ṣe ìṣirò. Lónìí, a fẹ́ ka ohun mìíràn. Kì í ṣe lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ìyẹn ni àwọn iná kéékèèké tó ń tàn níwájú awakọ̀ nínú mọ́tò.

Ẹnì kan lè sọ pé: "Èmi ò ní mọ́tò, kí ló kàn mí?" Ó kàn yín. Ṣebí ẹ ń wọ tàsí lọ sí Paraku? Ṣebí mọ́tò ló ń kó iṣu yín lọ sọ́jà? Ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣòwò kajú ní agbègbè Tchaourou níbí. Ó kó owó kajú ọdún méjì jọ, ó lọ sí Kútọnu, ó ra mọ́tò tí wọ́n ti lò ní Jámánì. Ilẹ̀kùn méjì péré ni mọ́tò náà ní. Ó kúrú nílẹ̀, ó ń dán, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ó gbé e, ó kọrí sílé.

Nígbà tó kọjá Bohicon, ó ra ẹ̀sáǹsì inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tó dé àárín àwọn òkè Dassa, mọ́tò kò lágbára mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, kò sáré. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fọ́fọ́ ń yà á sílẹ̀. Ni iná kan tó ní àwọ̀ ìyeyè bá tàn níwájú rẹ̀.

Ó dúró, ó bi ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọkùnrin náà ní: "Ẹ̀gbọ́n, iná lásán ni. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ti lò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín bò ó, kó má baà dà yín láàmú." Ó mú téèpù dúdú tí àwọn oníná fi ń wé wáyà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, ó ń lọ.

Ẹ wá gbọ́ ìyókù. Iná pupa tó ń sọ ti ọ́ìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìyeyè yẹn. Téèpù bo méjèèjì. Kò sẹ́ni tó wo ọ́ìlì kí mọ́tò tó kúrò ní Kútọnu, ọ́ìlì náà sì ń jò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kọjá Ṣàbẹ́, ọ́ìlì tán. Iná pupa tàn lábẹ́ téèpù, kò sẹ́ni tó rí i. Kó tó dé Tchaourou, ẹ́ńjìnnì ké, ó gán, ó dúró. Àwọn irin inú rẹ̀ ti jẹ ara wọn, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Owó kajú ọdún méjì jóná lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mẹkanisíẹ̀ tú mọ́tò náà, ó rí ohun tí iná ìyeyè ń wí láti Dassa. Ìdọ̀tí àti omi ló dí fílítà ẹ̀sáǹsì. Ohun kékeré tí èèyàn lè pààrọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni.

Bí ẹ bá máa rántí ohun kan ṣoṣo nínú ẹ̀kọ́ yìí, kó jẹ́ èyí: a kì í pa iná ìkìlọ̀, ohun tó tan iná náà là ń wá.

2. Àwọ̀ iná ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yá tó

Àwọn àmì tó wà lára iná wọ̀nyí kì í ṣe Faransé, wọn kì í ṣe Jámánì. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń ṣètò ìwọ̀n fún gbogbo ayé, ISO lorúkọ rẹ̀. Ó kọ àwọn àmì mọ́tò sínú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2575. Ìdí nìyí tí àmì ọ́ìlì fi jẹ́ ọ̀kan náà nínú mọ́tò Jápáànì àti nínú mọ́tò Faransé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n níbí, ó mọ̀ ọ́n níbi gbogbo.

Iná pupa: Ewu ni. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ dúró.
– Àmì agolo ọ́ìlì tó ń kán: ọ́ìlì kò dé ibi tó yẹ kó dé nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé "ó kù díẹ̀ kí n délé." Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.
– Àmì ọ̀pá tí a fi ń wọn ooru, tó dúró nínú omi: ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù. Ẹ pa á. Ẹ má ṣí ìdérí radiétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná, omi inú rẹ̀ á tú jáde, á bó yín lójú. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó bu omi sí i.
– Àmì bátìrì: bátìrì kò rí iná gbà mọ́. Ẹ wo bẹ́líìtì. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Bó bá ti já, ẹ má wà á lọ.
– Àmì òbìrí tó ní (!) nínú: bíréèkì ni. Bóyá ẹ kò tíì sọ bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, bóyá omi bíréèkì ti lọ sílẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó tún gbéra.

Iná ìyeyè: Ìkìlọ̀ ni. Ẹ lè máa rọra lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi dọ̀la. Èyí tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bó bá tàn tó dúró, ẹ wá mẹkanisíẹ̀ láìpẹ́. Bó bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú, ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀sáǹsì kan ń jáde láìjó, ó ń lọ jó nínú páìpù èéfín, ó ń ba ohun olówó ńlá jẹ́ níbẹ̀. Ẹ dín eré kù, ẹ dúró níbi tó bá dára.

Iná àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró: kò sí wàhálà. Ó ń sọ fún yín pé ẹ ti tan iná iwájú, tàbí pé ẹ fẹ́ yà.

3. Kí ló dé tí mọ́tò fi ń dín agbára ara rẹ̀ kù?

Àwọn bàbá wa mọ Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1968. Mọ́tò yẹn kò ní kọ̀ǹpútà. Bó bá ṣàìsàn, ẹ̀yin lẹ máa fi etí gbọ́. Mọ́tò ìsinsìnyí ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́, ẹ̀sáǹsì àti ooru. Bó bá rí ohun tí kò tọ́, ó ń tan iná ìyeyè. Bí ọ̀rọ̀ bá le, òun fúnra rẹ̀ á dín agbára mọ́tò kù, kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́.

Ẹ wo ẹni tó fi ẹsẹ̀ gún ẹ̀gún. Ó ń tiro, kì í sáré. Títiro kọ́ ni àìsàn rẹ̀, ẹ̀gún ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò. Bó bá ń tiro, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ẹ̀gún náà.

4. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù.

Èkíní, ìwé àti bíìkì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Iná wo ló tàn? Ìgbà wo ni? Ṣé lórí òkè ni? Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀sáǹsì ni? Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kì í sọnù.

Èkejì, ọ́ìlì àti omi. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀sáǹsì. Gbogbo wa la mọ kpayo, ẹ̀sáǹsì tó ń ti Nàìjíríà wọlé, tí wọ́n ń tà nínú ìgò àti dàmùjáànì. Ní May 2023, ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀sáǹsì, ó sì wọ́n lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Ohun tó bá wọ́n, àwọn kan á fẹ́ lú u. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun tó mọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ jìnnà sí iná àti sìgá. Omi wúwo ju ẹ̀sáǹsì lọ. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ ìgò. Bí ẹ bá rí omi tàbí ìdọ̀tí, kí mẹkanisíẹ̀ fọ tánkì, kó sì pààrọ̀ fílítà.

Ẹ̀kẹrin, afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí èèyàn. Kí ẹ̀sáǹsì kìlò 1 tó jó dáadáa, ó nílò afẹ́fẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlò 15. Fílítà afẹ́fẹ́ ni asẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ eruku pupa ọ̀nà Bétérou, ẹ sì mọ eruku ọyẹ́. Bí asẹ́ náà bá ti pọ́n bí ilẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ sọnù kí ẹ máa wa mọ́tò bẹ́ẹ̀ o! Eruku á wọlé lọ máa gé irin.

Ẹ̀karùn-ún, bùjí, ìyẹn ohun tó ń ṣáná sí ẹ̀sáǹsì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, tó ń kọsẹ̀, mẹkanisíẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ bùjí wò. Bó bá dúdú tàbí tó tutù fún ẹ̀sáǹsì, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, rọ́bà afẹ́fẹ́. Èyí kan mọ́tò tó ní tọ́bò, pàápàá àwọn tó ń jẹ gásóyù. Bí rọ́bà ńlá tó ti ibẹ̀ wá bá ya, ẹ ó gbọ́ ìró bíi fèrè, agbára á sì lọ.

Èkeje, ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Iná kankan kì í sábà tàn fún èyí. Bí wíìlì kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì ló dì í mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo ṣùgbọ́n tí mọ́tò kò lọ, tí ẹ sì ń gbóòórùn ohun tó ń jó, kíláàṣì ti jẹ.

5. Ohun tí wọ́n ń pè ní valízì

Valízì ni ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò kọ pa mọ́. Wọ́n ń kì í bọ ihò kan tó ní ojú 16, tó máa ń wà nísàlẹ̀ gídòónù. Ní Amẹ́ríkà, mọ́tò tí wọ́n ṣe láti 1996 gbọ́dọ̀ ní in. Ní Yúróòpù, ó di dandan fún gbogbo mọ́tò ẹ̀sáǹsì tuntun ní 2001, ó sì kan ti gásóyù ní 2004.

Valízì á fún yín ní lẹ́tà 1 àti nọ́ńbà 4. Bí àpẹẹrẹ, P0300 ń sọ pé iná kò jó bó ṣe yẹ nínú ẹ́ńjìnnì. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ẹ̀sáǹsì lọ. Ẹ ṣọ́ra níbí: kì í ṣe orúkọ ohun tí ẹ máa rà ni. Fílítà tó dí lè mú P0171 wá, rọ́bà tó ya náà lè mú un wá. Ẹ ní kí mẹkanisíẹ̀ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé yín, kó sì fi ohun tó bàjẹ́ hàn yín kí ẹ tó sanwó. Abèèrè kì í ṣìnà.

Bí ẹnì kan bá fi valízì pa iná náà láìtún nǹkan kan ṣe, tàbí tó tú okùn bátìrì kí iná lè kú, téèpù dúdú náà ló fi bò ó fún yín.

6. Kí ẹ tó ra mọ́tò tí wọ́n ti lò

Ẹ lọ láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná ọ́ìlì, iná bátìrì àti iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì: wọ́n gbọ́dọ̀ kú. Èyí tí kò kú, àìsàn ń bẹ níbẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá, ẹ bẹ̀rù rẹ̀ jù, bóyá wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á gun òkè.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sórí alùpùpù rẹ̀ báyìí. Lálaalẹ́ ló ń wá sí kíláàsì wa, iwájú ló sì máa ń jókòó.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni téèpù dúdú bò, yàtọ̀ sí iná ìyeyè?
2. Iná pupa ọ́ìlì tàn nígbà tó kù kìlómítà 3 kí ẹ délé. Kí lẹ máa ṣe? Kí nìdí?
3. Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ pé omi wà nínú ẹ̀sáǹsì?
4. Ẹ ya àmì iná mẹ́ta sínú ìwé yín, kí ẹ kọ ìtumọ̀ wọn sábẹ́ rẹ̀.
5. Ìṣirò: Ká sọ pé fílítà jẹ́ 5 000 F, owó iṣẹ́ jẹ́ 2 000 F, ẹ sì ra ọ́ìlì lítà 4, lítà kan jẹ́ 3 000 F. Èló ni gbogbo rẹ̀?
6. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé èyí lórí: tàsí tí ẹ wọ̀ ní iná pupa tó ń tàn, awakọ̀ sì ń bá a lọ. Báwo lẹ máa ṣe bá a sọ̀rọ̀ tí kò fi ní bínú?