Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: BÍ TÁYÀ LỌ́RÌ ṢE LÈ PẸ́ LẸ́SẸ̀ ỌKỌ̀

Ẹ̀kọ́ nípa táyà ni a fẹ́ kọ́ lóṣù yìí. Kí ẹni tí kò ní ọkọ̀ má ṣe sọ pé kò kan òun o. Tòmátì tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya sí ọjà Mile 12 kì í dúró de dírẹ́bà tó ń wá táyà kiri. Ẹ̀mí dírẹ́bà, ti ọmọ ọkọ̀ àti ti oníṣòwò tó jókòó ti ẹrù rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Nígbà kan, à ń ṣe táyà nílẹ̀ wa. Michelin wà ní Port Harcourt, Dunlop wà ní Ìkẹjà. Michelin ṣíwọ́ ní 2007, Dunlop náà ṣíwọ́ ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà wa ti ń wá. Bí dọ́là bá ti gòkè, owó táyà á gbéra. Nítorí náà, èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni kí á tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ₦400,000 ni táyà kan. Bí ó bá rin 80,000 kìlómítà kó tó kú, ₦5 ni kìlómítà kan jẹ wá. Bí ó bá kú ní 50,000, ó di ₦8. Lórí lọ́rì ẹlẹ́sẹ̀ 10, ₦3 tó lé yẹn di ₦30 ní kìlómítà kan, ìyẹn ₦3,000 ní gbogbo 100 kìlómítà. Ẹni tó yáwó ẹgbẹ́ ra táyà, tí táyà kú kí ó tó san owó náà tán, gbèsè ló ń gùn kiri.

1. Atẹ́gùn

Àìtó atẹ́gùn ló ń pa táyà jù. Rọ́bà nìkan kọ́ ló ń ru ẹrù o, atẹ́gùn inú rẹ̀ ni. Bí kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, á sì gbóná. Ìgbóná yìí ló ń ya rọ́bà kúrò lára wáyà inú rẹ̀, títí yóò fi bẹ́.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó gbéra. Irin tí ọmọ ọkọ̀ fi ń lu táyà kò lè mọ ìyàtọ̀ 110 sí 85. Bí táyà tó yẹ kó gba 110 bá wálẹ̀ sí 88, ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ nìyẹn. Ẹ kà á sí táyà tó jò tán, ẹ má sì gbé e rìn. Bí ọkọ̀ bá ti rìn, géèjì á gòkè nítorí ooru. Ẹ má ṣe tú atẹ́gùn rẹ̀ dànù, torí bó bá tutù tán, kò ní tó mọ́. Ẹ má sì gbàgbé ìdérí ẹnu fáàfù: owó kékeré ni, ó sì ń lé erùpẹ̀ sẹ́yìn.

2. Ẹrù àti táyà méjì-méjì

Bí ìbejì ni táyà ẹ̀yìn tí a so pọ̀. Lára ọ̀pọ̀ táyà 315/80R22.5, ẹ ó rí 156/150. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó bá dá wà, 4,000 kìlógíráàmù ni agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, 3,350 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì gbé 6,700. Bí ọ̀kan bá jò, èkejì á gbé gbogbo rẹ̀, ìlọ́po méjì agbára rẹ̀. Ìdí nìyí tí èkejì fi máa ń bẹ́ láìpẹ́. Ti inú ni ojú kì í tètè rí, ẹ máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ má ṣe so táyà tuntun pọ̀ mọ́ èyí tó ti jẹ. Èyí tó ga ni yóò máa ru ẹrù. Ẹ yọ òkúta tó bá há sáàárín wọn. Ẹ̀yin oníṣòwò, àpò mẹ́wàá tí ẹ ní kí wọ́n fi lé e, táyà ló ń san án.

3. Ohun tí táyà ń sọ

Bí àárín bá jẹ, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá jẹ, kò tó. Bí etí kan ṣoṣo bá jẹ, ẹ lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Bó bá jẹ ní kòtò-kòtò, ẹ yẹ ṣọ́ọ̀kù wò.

4. Nígbà tí a bá ń rà á

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lórí ìlà DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi oje dúdú pa lára lè máa dán, kó sì ti gbó. Dídán ara kò sọ ohun tó wà nínú.

5. Lọ́dọ̀ fọkanáísà

Ibí yìí ni kí ẹ fetí sí jù. Táyà tó ti rìn nígbà tí kò látẹ́gùn, wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ti já láìhàn. Bí wọ́n bá kàn fẹ́ ẹ padà, ó lè ya bí síìpù, kó sì pa ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Inú àgò irin ni kí wọ́n ti fẹ́ ẹ, pẹ̀lú okùn atẹ́gùn gígùn, kí ẹnikẹ́ni má dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rííìmù olórùka léwu bákan náà, nítorí òrùka rẹ̀ lè fò. Ọmọ wa ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí o. Bí wọ́n bá dá táyà padà, ẹ tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún lẹ́yìn ìrìn bí 80 kìlómítà.

6. Ìwé

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí táyà wọlé, ẹsẹ̀ tó wà, àti iye kìlómítà. Ìwé yìí ni yóò sọ fún yín irú táyà tó ń pa owó wọlé.

Ìbéèrè fún ìpàdé

Ta ló ń wọn táyà yín, ìgbà wo ló sì wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn? Ǹjẹ́ onílọ́rì márùn-ún lè dáwó jọ ra géèjì kan tó dára? Ta ni fọkanáísà tó ní àgò irin ládùúgbò yín?

À ń gbàdúrà pé kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe àmín, kí a kọ́kọ́ mú géèjì lọ́wọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́