Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ àti Àwọn Ẹyẹ

Ẹ fara balẹ̀ ka ẹ̀kọ́ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìsàlẹ̀.

Ní Ganhi tí a wà yìí, òkun kò jìnnà sí wa. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí wa. Ó ń gbẹ aṣọ tí a sá, ó sì ń da iyanrìn sórí ọjà tí a pàtẹ. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé a lè fi afẹ́fẹ́ tan iná? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti Gánà àti Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú iná ilẹ̀ Benin ti ń wá. Bí iná bá lọ, ẹni tí ó ń ta ẹja inú yìnyín mọ bí ó ti ń rí.

Báwo ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́? Ó jẹ́ òpó gíga kan tí ó ní apá mẹ́ta lókè. Afẹ́fẹ́ ń ti àwọn apá náà, wọ́n sì ń yí. Yíyí yìí ni ó ń mú iná jáde. Kò jẹ epo, kò sì rú èéfín. Ní Taïba Ndiaye, ní ilẹ̀ Senegal, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 46. Wọ́n ṣí i ní oṣù kejì ọdún 2020. Òpó kọ̀ọ̀kan ga ju 100 mítà lọ.

Ohun tí ó dára yìí ní ewu tirẹ̀. Bí ẹ bá wo apá ẹ̀rọ náà láti òkèèrè, ẹ ó rò pé ó ń yí jẹ́jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó apá náà lè sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ tí ń sáré bẹ́ẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́! Nígbà tí igún bá ń wá oúnjẹ, ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wò, kì í wo iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni apá ẹ̀rọ ṣe ń gbá a. Ní Altamont, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1980 pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ idì. Àdán pẹ̀lú ń kú lóru, pàápàá nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá le.

Kí ni èyí kàn wá sí? Igún ń jẹ òkú ẹran, ó ń gba àyíká wa lọ́wọ́ àrùn. Àdán kan ń jẹ kòkòrò, òmíràn ń jẹ èso, ó sì ń gbin irúgbìn ìrókò káàkiri igbó. Ẹyin kan péré ni igún wa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá pa á, kì í tètè ní arọ́pò.

Àtúnṣe wà. Èkíní, kí a má ṣe gbé ẹ̀rọ sí ojú ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà. Èkejì, kí a máa dá a dúró nígbà tí ẹyẹ bá ń bọ̀. Ní gúúsù Spéìn, níbi tí ẹyẹ ń gbà kọjá wá sí Áfíríkà, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé èyí dín ikú igún kù tó ìdajì. Ẹ̀kẹta, ní Smøla, ní ilẹ̀ Norway, wọ́n kun ọ̀kan nínú apá mẹ́ta ní ọ̀dà dúdú. Ikú ẹyẹ dín kù tó 70 nínú 100.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ọ̀tá igún. Ní Guinea-Bissau, láti ọdún 2019 sí 2020, májèlé pa igún tí ó ju 2,000 lọ. A rí ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní orí, nítorí àwọn kan ń fi orí igún ṣe oògùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Ẹni tí ó bá ra orí igún ni ó bẹ ọdẹ ní iṣẹ́ pípa rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ẹ má sì gbà á láìbéèrè. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e sí ìlú yín, ẹ béèrè pé: “Ẹyẹ wo ni ó ń gba ibí? Ta ni yóò máa ṣọ́ wọn? Ta ni yóò dá ẹ̀rọ dúró?” Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ sì kà á fúnra yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó tún kọ: afẹ́fẹ́, òpó, ṣóńṣó, májèlé, arọ́pò.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń yí apá ẹ̀rọ náà?
2. Kí ni ó fà á tí igún kì í fi í rí apá ẹ̀rọ?
3. Dárúkọ àtúnṣe mẹ́ta.
4. Iṣẹ́ wo ni àdán ń ṣe fún igi ìrókò?
5. Ẹ bi àgbàlagbà kan ní ilé yín léèrè bóyá igún pọ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní ìlà márùn-ún.