Ohun Tí Iná Kò Lè Jó

Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun, àwọn ará ìgbàanì a máa fi iná líle yọ́ èròjà ilẹ̀ nínú ìkòkò amọ̀ títí yóò fi di dígí, wọn a sì fi dígí náà ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọdún 1910. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ fi hàn gbangba pé kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù inú dígí Ifẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí kò jọ ti dígí ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù. Wọ́n ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí ní Gao, ní ilẹ̀ Mali, lọ́nà jíjìn réré. Ó ti sùn nínú ilẹ̀ fún ohun tí ó ju 500 ọdún lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ́rìí sí ilé rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé iná tí ó yọ́ ọ kò jó átọ́ọ̀mù inú rẹ̀.

Átọ́ọ̀mù ni èérún tí ó kéré jù lọ nínú bàbà tí ó ṣì ń jẹ́ bàbà, tàbí nínú irin tí ó ṣì ń jẹ́ irin. Bí a bá tò ó ní ẹsẹẹsẹ, ohun tí ó ju 100,000 lọ ni yóò kún ìbú irun orí kan ṣoṣo. Oríṣi rẹ̀ tí ó wà nínú ayé láìjẹ́ pé ènìyàn fi ẹ̀rọ ṣe é kò ju ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn náà ni ó sì para pọ̀ di òkúta, omi, iṣu àti ara ọmọ ènìyàn. Kóró wà láàárín átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, iye prótọ́ọ̀nù tí ó wà nínú kóró yìí ni ó sì ń sọ orúkọ rẹ̀. Iná ìdáná, ìjẹrà àti ìdàgbà ohun ọ̀gbìn kì í kan kóró yìí rárá. Kìkì ẹgbẹ́ tí átọ́ọ̀mù ń kó ni wọ́n ń yí padà.

Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n rí àwọn orí idẹ tí òkìkí wọn kàn yí ayé ká. Òmíràn nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Òmíràn jẹ́ bàbà tí a lú pọ̀ mọ́ síńkì àti òjé. Prótọ́ọ̀nù 29 ni ti bàbà, 30 ni ti síńkì. Aládùúgbò ni wọ́n, síbẹ̀ ewìrì alágbẹ̀dẹ kò lè sọ ọ̀kan di èkejì. Wúrà jẹ́ 79, òjé jẹ́ 82. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gba owó láti fi iná sọ òjé di wúrà, owó náà nìkan ni yóò pààrọ̀ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan oko gidigidi. Nígbà tí àgbẹ̀ Ifẹ̀ bá fọ́ kòkó, kóró rẹ̀ ni ó ń tà, èèpo ni ó ń dà nù. Ṣùgbọ́n èèpo ni púpọ̀ nínú pòtásíọ̀mù tí igi náà fà láti inú ilẹ̀ wà. Àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ ọ́n tipẹ́: wọn a sun èèpo náà, wọn a sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọn a sì sè é pẹ̀lú àdín. Èèpo ti jóná, pòtásíọ̀mù kò jóná. Ó wà nínú eérú, ó sì bọ́ sínú ọṣẹ. Àgbẹ̀ tí ń kó èso lọ ní ọdọọdún láìdá ohunkóhun padà ń ta ilẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú kòkó. Kí ó má ṣe fi òkìtì èèpo sílẹ̀ lábẹ́ igi, nítorí ibẹ̀ ni àrùn tí ń sọ èso di dúdú ń gbé. Kí ó jẹ́ kí ó jẹrà dáadáa nínú kòtò, tàbí kí ó sun ún kí ó sì wọ́n eérú náà káàkiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí eérú bá pọ̀ jù lójú kan, yóò pa irúgbìn lára.

Náítírójìn yàtọ̀. Bí ewé bá jóná, èéfín ni ó ń bá lọ. Kò ṣègbé, ṣùgbọ́n oko ti pàdánù rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n afẹ́fẹ́, 78 jẹ́ náítírójìn, síbẹ̀ ewé àgbàdo kò lè mú un, nítorí pé méjì méjì ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ dì mọ́ra pinpin. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú kókó kéékèèké lára gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni ó lè tú wọn. Nítorí náà ni ó fi dára láti gbin ẹ̀wà sí ilẹ̀ tí àgbàdo ti rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì ro gbòǹgbò àti ewé rẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Ní ti ara ènìyàn, nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, nǹkan bí 65 jẹ́ ọ́síjìn, 18 sì jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Irin inú àgbàlagbà kò ju nǹkan bí gíráàmù 4 lọ, ìwọ̀n ìṣó kékeré. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irin yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó sì ń gbé ọ́síjìn kiri ara.

Kábọ́ọ̀nù ni èédú. Bí ó bá jó níbi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí, átọ́ọ̀mù rẹ̀ kan a mú ọ́síjìn méjì. Irú èyí ni ènìyàn ń mí jáde, òun náà ni ewé kòkó fi ń ṣe oúnjẹ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, kábọ́ọ̀nù kan a mú ọ́síjìn kan ṣoṣo, èyí sì ń pani. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ irin inú ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tí ó ju 200, kì í sì í fi ààyè sílẹ̀ fún ọ́síjìn mọ́. Nítorí náà, ní àsìkò ọyẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìdáná eléèédú sínú yàrá tí a tì láti fi yá iná sùn, ìbáà jẹ́ pé kò rú èéfín. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Orí fífọ́, òòyì àti èébì tí ó mú àwọn ará ilé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni àmì rẹ̀. Kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn, kí wọ́n gbé aláìsàn jáde sí ìta gbangba kíákíá, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti yá.